Ìwé Ẹ̀rí Bíṣọ́ọ̀bù Boaz

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin. Torino

Òjò winniwinni láti ìdájí. Òtútù ṣì ń mú bí ẹni pé oṣù kejì ni a wà.

Lẹ́yìn ìwàásù lónìí, Pásítọ̀ Ọládùnjoyè kéde pé ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó ń bọ̀, tí yóò pé ọdún kan gééré tí Bíṣọ́ọ̀bù Boaz Ọlálẹ́yẹ kú, gbogbo ẹ̀ka ìjọ wa, Torino, Reggio, Parma àti Padova, yóò pàdé ní Padova. Ọjọ́ náà ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe òkú náà ní Ẹni Mímọ́. A ó máa ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lọ́dọọdún, a ó sì lè máa fi orúkọ rẹ̀ bẹ Ọlọ́run. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà dìde, nítorí pé ẹni tó bá jókòó ni wọn yóò wò.

Àga tí Bíṣọ́ọ̀bù máa ń jókòó sí ti di ohun mìíràn. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n sì na okùn yí i ká. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan apá àga náà, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan náà pa orí àwọn ọmọ wọn. Àwọn obìnrin yìí kan náà ni wọ́n máa ń fi àwọn Kátólíìkì Padova rẹ́rìn-ín, pé wọ́n ń to ìlà nítorí àtifọwọ́ kan òkúta ibojì ẹni mímọ́ wọn.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ń kó àga jọ, Pásítọ̀ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màmá Fọláwẹ̀mí, ẹ̀yin ni akọ̀wé ìjọ yìí láti ọdún mọ́kànlá. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ìyanu Bíṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́. A máa tẹ̀ ẹ́, a sì máa kà á ní Padova."

"Ó dára, sà."

"Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n kọ. Poly yín máa ń hàn nínú ìwé yín."

Ó rò pé òun yìn mí. Ó kéré sí mi ní ọdún mẹ́sàn-án, ọkọ̀ ìgbẹ́rù ni ó ń wà ní ilé ìkẹ́rù kan, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sórí pẹpẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Oòrùn díẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹ̀rí ti ń wọlé sórí fóònù mi láti àná, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn nígbà tí màmá tí mo ń tọ́jú, Signora Efisia, bá ń sun oorun ọ̀sán.

Arákùnrin kan ní Parma fi àwòrán Bíṣọ́ọ̀bù sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ẹran gé ìka ẹni tó dúró tì í, kò gé tirẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹni tó dúró tì í ṣẹ̀.

Obìnrin kan ní Reggio da òróró Bíṣọ́ọ̀bù sórí fáìlì rẹ̀ kí ó tó gbé e lọ sí questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí wọ́n ti ń gba ìwé ìgbélùú. Wọ́n dá a padà pé kí ó lọ ṣe òmíràn wá, nítorí pé òróró ti mu gbogbo ìwé náà. Permesso rẹ̀, ìwé ìgbélùú náà, jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ó ní bí kì í bá ṣe òróró náà ni, ìbá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Iṣẹ́ akọ̀wé nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Pásítọ̀ gbé ìwé ńlá ìjọ wá bá mi ní ibi ìdánrawò orin. Ó ṣí i sí ojú ewé tí ó ti fi páálí sí. Ó ní èyí ni yóò ṣáájú nínú ìwé ẹ̀rí náà, kí gbogbo èyí tó kù tẹ̀lé e. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni.

"Victory, ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣubú nígbà orin, kò sì dáhùn mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù gbàdúrà lé e lórí. Victory wà láàyè. Ògo ni fún Ọlọ́run."

Mo tún un kà. Gbólóhùn mẹ́rin ni, kò sì sí irọ́ nínú ìkankan wọn.

Oṣù kọkànlá ni, ọdún kan àti ààbọ̀ rèé. Giri ni ó mú ọmọ náà. Mo mọ giri lójú. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó ṣubú. Èmi máa ń wo aago, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo kọ́ ní Poly ni ó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ní kí a ti ilẹ̀kùn, kí gbogbo wa pa fóònù. Ó nà gbalaja lé ọmọ náà lórí bí wòlíì inú Bíbélì, ó ń ké. Mo gba ẹ̀yìn jáde, níbi tí a ń kó ìkòkò ìdáná sí, mo pe 118, nọ́ńbà pàjáwìrì àwọn dókítà. Nígbà tí àwọn dókítà dé, àwọn olùtọ́jú ẹnu ọ̀nà sọ fún wọn pé kò sí aláìsàn nínú ilé. Èmi ni mo ká ilẹ̀kùn irin ẹ̀yìn sókè fún wọn. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni wọ́n gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́. Ó lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún ní ilé ìwòsàn. Apá òsì rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò.

Òfin Bíṣọ́ọ̀bù ni pé a kì í dárúkọ dókítà, oògùn tàbí ilé ìwòsàn sínú ìwé ẹ̀rí. Ó ní ẹni tó bá dárúkọ dókítà ti pín ògo Ọlọ́run sí méjì. Mo pa òfin náà mọ́. Mo yọ ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n kúrò láàárín gbólóhùn kejì àti ìkẹta, mo sì fi àmì ìdánudúró sí i. Èmi kò kọ ọ́ pé ọmọ náà kú. Àwọn tó kà á ni wọ́n fi ikú dí àlàfo tí mo fi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Bíṣọ́ọ̀bù dúró lórí pẹpẹ, ó gégùn-ún fún ẹni tó pe dókítà wọnú ilé Ọlọ́run, ẹni tí kò mọ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Àbúrò mi Olúfúnkẹ́ pè mí láti Padova ní àsìkò ìsinmi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìtura. Ìyá kan náà ló bí wa, èmi sì ni mo mú un wá sí Italy.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yọ̀. Mo ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ wo?"

"Ti ìtọ̀ ṣúgà. Ọjọ́ kẹrin rèé. Wọ́n gé aṣọ Bíṣọ́ọ̀bù fún wa ní Padova níbí, èmi rí ti apá ọ̀tún. Òun ni mo so mọ́ ìdí."

"Dókítà ló ní kí o fi í sílẹ̀?"

"Dókítà wo ló jí Victory dìde?"

"Ta ló sọ fún ọ pé Victory kú?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ̀yin náà ni. Pásítọ̀ fi ojú ewé tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yín láti kékeré, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní A, B, D."

Mo ní kí ó gún abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n máa gbàdúrà fún òun. Àsìkò ìsinmi rẹ̀ parí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọjọ́ ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè. Oòrùn mú. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́fà àárọ̀ lọ sí Padova.

Olúfúnkẹ́ ti rù. Ó mu omi ife mẹ́ta láàárín ìgbà tí mo bọ́ bàtà àti ìgbà tí mo jókòó. Mo ṣí ẹ̀rọ amóhuntutù rẹ̀: abẹ́rẹ́ ínsúlínì rẹ̀ wà níbẹ̀, márùn-ún, páálí wọn kò tíì ya. Mo ní kí ó mú ìka wá. Ó mú un wá láti tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀rọ kékeré tó fi ń wọn ṣúgà sọ pé ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, ó ti ju ìlọ́po méjì iye tó yẹ lọ.

"Ẹ̀rọ Sátánì," ni ó wí.

"Ìwọ lo rà á."

"Nígbà tí mi ò tíì ní ìmọ́lẹ̀ ni."

Mo sọ fún un nígbà náà. Mo sọ ti ilẹ̀kùn irin, ti 118, ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ọmọ náà. Olúfúnkẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ. Ó gbọ́ mi títí dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdí rẹ̀ níbi tí aṣọ náà wà.

"Ṣé ẹ ti parí?"

"Mo ti parí."

"Èwo wá ni kí n gbàgbọ́, èyí tí ẹ kọ sínú ìwé Ọlọ́run, àbí èyí tí ẹ ń sọ fún mi nínú kíṣìnì?"

Mo pa ilẹ̀kùn ẹ̀rọ amóhuntutù náà dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò lè gba máìkì sọ lójú ìjọ, òfófó ni. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ sọ ọ́ lórí pẹpẹ, níwájú Pásítọ̀, kí n máa wo ojú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni màá gún abẹ́rẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tọ́ gbogbo wa. Ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀rí títí tí yóò fi gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde. Ní ìgbà tí mo ń lọ sí ibùdókọ̀, mo kọjá níwájú ilé ìsìn ńlá àwọn Kátólíìkì. Ìlà àwọn tó fẹ́ fọwọ́ kan ibojì náà gùn títí dé ojú pópó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi kò rí ohun tí mo lè fi rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò. Olúfúnkẹ́ kò gbé fóònù.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún

Mo dúró títí ilé fi ṣófo. Pásítọ̀ Ọládùnjoyè ń ká okùn máìkì. Mo sọ fún un pé èmi ni mo pe 118 lọ́jọ́ náà. Odindi ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo ti fi gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú. Nígbà tó jáde, gbólóhùn kan ṣoṣo ni.

Kò dá okùn tó ń ká dúró.

"Mo mọ̀," ni ó wí.

Mo bi í bó ṣe mọ̀.

"Bíṣọ́ọ̀bù náà mọ̀. Ó rí yín nígbà tí ẹ gba ẹ̀yìn wọlé. Mo ní kí a yọ yín nípò. Ó ní rárá, pé akọ̀wé tó bá ní àṣírí lọ́wọ́ kì í kọ ìkọkúkọ."

Nítorí náà, ojú mi gan-an ni ó ń wò nígbà tó ń gégùn-ún, tí mo ń ṣe àmín.

Mo sọ ti Olúfúnkẹ́ fún un. Mo ní ẹ̀mí ènìyàn ni. Ó ní kí n má fi ìgbàgbọ́ àbúrò mi ṣeré. Mo rán an létí pé orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni Bíṣọ́ọ̀bù kú sí, pé ọdún méje ni ó fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pé èmi ni mo máa ń bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà láti túmọ̀ èdè fún un.

"Balógun kì í sọ fún ọmọ ogun pé ẹsẹ̀ ń dun òun," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni ó gbé okùn sílẹ̀. "Màmá, nígbà tí ẹ dé Torino, tí ẹ kò mọ ẹnìkan, ta ló bá yín to ìlà ní questura láti aago mẹ́rin ìdájí nínú yìnyín?"

"Òun ni."

"Ta ló bá yín wá ilé?"

"Òun ni."

"Ẹ kọ ìyẹn náà sínú òtítọ́ yín."

Mo ti kọ ọ́. Òótọ́ ni. Ó bá mi to ìlà, ó fún mi ní ẹ̀wù òtútù rẹ̀, kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mìíràn ni ó wá béèrè rẹ̀, nígbà tó ní kí n má dárúkọ dókítà nínú ìwé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Kùrukùru bo ìlú títí di aago mẹ́wàá.

Signora Efisia kò jẹun dáadáa. Wọ́n bi mí ohun tó ń ṣe mí. Mo ní kò sí nǹkan. Wọ́n ní àwọn ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, kí n wá irọ́ mìíràn pa. Mo bá sọ díẹ̀: pé ìjọ wa fẹ́ sọ bíṣọ́ọ̀bù kan di ẹni mímọ́, pé mo mọ bíṣọ́ọ̀bù náà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wú ikọ́. Wọ́n ní ní Cagliari tí wọ́n bí àwọn sí, ní erékùṣù Sardegna, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lucifero. Oníjà paraku ni, ó bá ọba jà, ó bá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, ó kọ̀ láti dárí ji àwọn tó ṣìnà tí wọ́n sì padà. Síbẹ̀ ó ní ilé ìsìn nílé wọn, oṣù yìí gan-an ni àjọ̀dún rẹ̀. Àwọn kan ní ẹni mímọ́ ni, àwọn kan ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjà náà le dé ibi pé Róòmù pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbè é ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe takò ó.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Signora, kí ni ẹ sọ?"

"Èmi? Ìyá mi máa ń tan àbẹ́là fún un nígbà tí ehín bá ń dùn ún."

"Ehín náà san?"

"Wọ́n yọ ọ́."

Mo rò ó nígbà tí mo ń fọ abọ́. Àwọn tí Róòmù pa lẹ́nu mọ́, kò sí ẹni tó fojú rí bíṣọ́ọ̀bù náà nínú wọn. Èmi rí tèmi. Èmi ni mo gbé omi fún un mu lẹ́yìn tó gbéra lórí ọmọ náà.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹwàá

Pásítọ̀ wàásù lórí Ánánáyà àti Sàfírà. Kò dárúkọ mi. Ó kàn ní ẹnìkan wà láàárín wa tó fẹ́ ta ògo Bíṣọ́ọ̀bù fún dókítà aláwọ̀ funfun, ó sì ṣí ojú sí ìhà ibi tí mo jókòó títí tí gbogbo orí fi yí.

Lẹ́yìn ìsìn, olórí àwọn olùtọ́jú ẹnu ọ̀nà, Ọlábánjí, na ọwọ́ sí mi. "Màmá, kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì." Mo fún un. Òun kan náà ni ó sọ fún àwọn dókítà pé kò sí aláìsàn nínú ilé.

Abísọ́lá, tí a jọ ń se oúnjẹ ìjọ láti ọdún mẹ́jọ, ń to abọ́ sínú ike. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ó wí. "Ẹ lọ pe 118 kí wọ́n wá bá wa fọ̀ ọ́."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ náà dára, mo gbà. Èmi ìbá ti rẹ́rìn-ín bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí mo dé ilé, wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹgbẹ́ orí WhatsApp. Ọmọ mi Fọláwẹ̀mí wo ojú mi, ó ní, "Mamma, finalmente," pé ó ti tó àsìkò. Mo ní kí ó lọ kàwé rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ooru. Mo gba àyè, mo lọ sí Reggio Emilia láti wá Adùnọlá, ìyá Victory, tó ti kúrò nínú ìjọ láti ìgbà náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù irun dídì sí àdúgbò ibùdókọ̀ ojú irin.

Ó ń di irun lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Kò dìde.

"Akọ̀wé. Ṣé ẹ ṣìnà ni?"

"Mo wá kí yín."

"Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀. Ẹ kú ìrìn."

Victory wà lórí àga kékeré kan, ó ń ya àwòrán pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ òsì tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí ó má baà yọ̀. Mo kí i ní Yorùbá, ó dá mi lóhùn ní Italian, ó sì padà sídìí àwòrán rẹ̀.

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Adùnọlá kò dá irun dídì dúró.

"Ẹ gbọ́, lóṣù tó kọjá, obìnrin méjì wọ ọkọ̀ wá láti Parma. Wọ́n kúnlẹ̀ síbi tí ẹ dúró sí yẹn. Wọ́n ní kí ọmọ mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé àwọn lórí, pé ó ti dé ọ̀run, ó ti padà. Mo ní ọwọ́ méjèèjì kẹ̀? Wọn kò mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Ọmọ ọdún méje kò lè de okùn bàtà rẹ̀, àwọn kan sì ń fi í jẹ́rìí."

"Èmi ni mo pe àwọn dókítà."

Ìgbà yìí ni ó wò mí. Obìnrin tí wọ́n ń di irun fún pàápàá yí ọrùn.

"Mo dúpẹ́," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì rọ̀. "Ẹ pè wọ́n, ẹ tún wá pa wọ́n rẹ́ nínú ìwé. Mi ò ní bá yín lọ sí Padova kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa sọ ọ́, ẹ sọ ti ọwọ́ náà. Ẹ má tún fi í sílẹ̀."

Kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Èmi kò retí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Olúfúnkẹ́ ṣubú níbi iṣẹ́ lánàá. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ará Moldova kan, ló pè mí. Wọ́n gbé e lọ sí pronto soccorso, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, wọ́n fi omi àti ínsúlínì sí i lára láti ọ̀sán títí di àárọ̀ òní. Wọ́n fẹ́ dá a dúró. Ó fọwọ́ sí ìwé pé òun fẹ́ máa lọ.

Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sàn-án. Ohùn rẹ̀ ti padà. Ó ní Bíṣọ́ọ̀bù dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn òun.

"Ínsúlínì ni wọ́n fi sí ọ lára, Olúfúnkẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìjọ."

Ó fi ojú ewé náà ránṣẹ́ sí mi. Ìfẹ́táyọ̀ ni akọ̀wé tuntun. Èmi ni mo kọ́ ọmọbìnrin náà ní iṣẹ́. Ó kọ ọ́ dáadáa: "Arábìnrin Olúfúnkẹ́ ṣubú níbi iṣẹ́. Aṣọ Bíṣọ́ọ̀bù wà ní ìdí rẹ̀. Arábìnrin Olúfúnkẹ́ dìde. Ògo ni fún Ọlọ́run."

Gbólóhùn mẹ́rin. Kò sí irọ́ nínú ìkankan wọn.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Signora Efisia ní kí n jókòó, wọ́n sì fúnra wọn bu omi fún mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Àrá lọ́sàn-án, òjò ńlá, lẹ́yìn náà oòrùn.

Pásítọ̀ pè. Ohùn rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó fẹ́ yá nǹkan.

"Màmá wa. Ẹ jẹ́ kí a gbàgbé ohun tó ti kọjá."

"Kí ni ẹ fẹ́, sà?"

"Àwọn ará Padova àti Parma ń béèrè ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní ẹni tó kọ ìwé náà dà? Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á máa sọ ìsọkúsọ. Ẹ wá, ẹ jókòó sí iwájú, ẹ dìde, ẹ ka gbólóhùn mẹ́rin tí ẹ kọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò ní fi kún un, ẹ ò ní yọ níbẹ̀. Ṣé irọ́ wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí."

"Ṣé ẹ rí i? A máa dá kọ́kọ́rọ́ yín padà."

Mo ní màá wá. Ó dúpẹ́, ó sì gbàdúrà fún mi lórí fóònù, pẹ̀lú orúkọ Boaz.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún. Padova

Ooru gidi, afẹ́fẹ́ kò sí. Mo dé ní ọ̀sán. Olúfúnkẹ́ fẹ́ mú mi lọ wo gbọ̀ngàn tí wọ́n gbà. Mo ní n ó rí i lọ́la. Ó ń lọ aṣọ funfun rẹ̀ báyìí, bí mo ti ń kọ èyí lórí tábìlì kíṣìnì. Ó ń dúró láàárín ìlọṣọ láti mu omi. Kò tíì gún abẹ́rẹ́ kankan láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Kò jẹ́ kí n gún òun ní ìka. Ojú rẹ̀ ti jìn.

Mo wo ohun tí mo lè pàdánù. Ọ̀rẹ́ kò kù. Ipò kò kù. Orúkọ mi ni ó kù, èyí tí àwọn tí kò tíì gbọ́ ní Parma àti níhìn-ín ṣì ń pè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, yóò sì tán lọ́la láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọn yóò tún bi mí ohun tí Olúfúnkẹ́ bi mí, ìdí tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti wá èsì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀rù bà mí, mo sì fẹ́ràn ipò mi: òun ni èsì náà, kò dùn ún sọ, n ó sì sọ ọ́.

Èmi kò dárí ji Bíṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ìfẹ́ ìjọ ni ó ń tì mí. Bí àbúrò mi kò bá sí nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n dákẹ́ títí tí wọn yóò fi sin mí, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé olóòótọ́ akọ̀wé ni mí.

Mo ti pinnu. Bí wọ́n bá pè mí lọ́la, n ó gba máìkì, n ó sì ka gbólóhùn mẹ́rin náà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣèlérí. Lẹ́yìn náà n ó ka èyí tí mo yọ: pé giri ni, pé wọ́n ti ilẹ̀kùn, pé èmi ni mo pe dókítà, èmi náà ni mo pa wọ́n rẹ́ nínú ìwé, ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n, abẹ́rẹ́, ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ọwọ́ òsì. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kan, ojú ewé kan péré. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkùnrin tó jókòó sí òdìkejì mi sì lọ sí ibòmíràn. Bí wọ́n bá pa máìkì, n ó pariwo.

Èmi kò tíì sọ ọ́ fún Olúfúnkẹ́. Mo kàn ní kí ó jókòó sí ìlà iwájú lọ́la, ní ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí yóò ti máa rí ojú Pásítọ̀ dáadáa.

Ó gbé àyọ́ọ̀nù dúró. "Ṣé nǹkan wà ńbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Lọ aṣọ rẹ."